Ẹ̀dà Tí Mo Rò Pé Ó Wà Lọ́hùn-ún

Ilare,
Ilé-Ifẹ̀.
Ọjọ́ Jímọ̀, lẹ́yìn ìrun ọ̀sán.

Síkírá, Àbẹ̀kẹ́ ọmọ mi,

Àsàlámù àlékúmù. Mo kí ọ kú oríire iṣẹ́ tuntun, mo sì tún kí ọ kú àráfẹ́rakù. Kò yẹ kí kíkí méjèèjì pàdé lẹ́nu kan náà, ṣùgbọ́n bí ọdún yìí ṣe bá wa nìyẹn. Ara mi le. Ilé kò rí bó ṣe máa ń rí mọ́, ṣùgbọ́n òrùlé kò jò, mo sì ń jẹun. Mo tètè sọ ìyẹn nítorí mo mọ̀ pé òun ni wàá kọ́kọ́ béèrè.

Mo ti ka ìmeèlì rẹ ní ìgbà mẹ́rin. O ní o ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ nọ́ọ̀sì, wọ́n ti fún ọ ní yàrá nítòsí ilé ìwòsàn, o sì ti ra kọ̀ǹpútà ti ara rẹ. O wá kọ ọ́ pé: “Bàbá mi, ilé ìwé ti ti àpótí lẹ́tà mi pa nígbà tí mo parí, gbogbo ọ̀rọ̀ Ìyá ló bá a lọ. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi tẹ gbogbo ìmeèlì tí Ìyá ní kí ẹ kọ sí mi láti ọdún mẹ́ta wá jáde sórí ìwé. Mo fẹ́ máa kà wọ́n.” Nísàlẹ̀ rẹ̀ o tún bi mí bí mo ṣe ṣètò kọ̀ǹpútà tèmi tí lẹ́tà tí mo bá fi ránṣẹ́ fi ń wà ní ìpamọ́. O ní kò sí ẹni tí ẹ̀dà ìwé kì í sọnù lọ́wọ́ rẹ̀ tó bàbá rẹ.

Mo ka ibẹ̀ tán, mo pa kọ̀ǹpútà, mo ti ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù, mo sì fẹsẹ̀ rìn láti Mayfair títí dé Ilare. Àwọn ọlọ́kadà ń pè mí lọ́tùn-ún lósì, mi ò dá ẹnikẹ́ni lóhùn.

Ọmọ mi, kò sí wọn mọ́. Nínú gbogbo lẹ́tà ọdún mẹ́ta, ẹyọ kan ṣoṣo ló kù, ẹyọ kan náà sì ni ìwọ kò rí rí. Ọwọ́ èmi bàbá rẹ ni wọ́n gbà sọnù. Kì í ṣe ọwọ́ ẹlòmíràn.

Mo lè fi ìmeèlì sọ èyí fún ọ, kò ní pẹ́ tí yóò fi dé. Ṣùgbọ́n ojú ń tì mí láti tẹ̀ ẹ́. Bírò ni mo mú, mo tẹ́ kábọ̀n sábẹ́ ìwé, mo sì ń tẹ ọwọ́ mọ́ ọn kí ó lè hàn nísàlẹ̀. Ìyàwó ọ̀rẹ́ mi kan ní Mayfair ń bọ̀ wá sí ìlú òyìnbó lọ́dọ̀ yín lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, òun ni yóò mú un wá fún ọ, pẹ̀lú ẹrù kékeré kan tí mo wé sínú ìwé ìròyìn. Jọ̀wọ́, má tú ẹrù náà kí o tó ka lẹ́tà yìí tán.

Bí ọmọdé bá ṣubú, a wo iwájú. Bí àgbà bá ṣubú, a wo ẹ̀yìn. Jẹ́ kí n wo ẹ̀yìn díẹ̀, kí o lè mọ ibi tí ẹsẹ̀ mi ti yọ̀.

Nígbà tí bàbá mi kó wa láti Ìwó wá sí Ifẹ̀, tí a gba yàrá ní Ilare, èmi nìkan ni ọmọ inú agbo ilé náà tó mọ̀wé kọ dáadáa. Kò pẹ́ tí mo fi di akọ̀wé gbogbo àdúgbò. Àwọn àgbà tí ọmọ wọn wà ní Kàdúná, ní Jọ́ọ̀sì, ní Kùmásí, ọ̀dọ̀ mi ni wọ́n ń gbé bébà wá. Wọn á jókòó, wọn á sọ̀rọ̀, èmi á kọ ọ́. Ìyá àgbà kan wà ní ojúlé kejì sí tiwa tí ọmọ rẹ̀ ń ṣiṣẹ́ rélùwéè ní Kàdúná. Bí ìyá náà bá jókòó, á kọ́kọ́ ki ọmọ rẹ̀ ní oríkì látòkè délẹ̀, á ṣàdúrà, á ròyìn ẹni tó bímọ àti ẹni tó kú, á tún padà sórí oríkì. Ó lè tó ìdajì wákàtí. Àwọn ẹgbẹ́ mi ń gbá bọ́ọ̀lù níta, etí mi sì wà lọ́dọ̀ wọn. Ohun tí mo máa ń kọ ni pé: “Ìyá rẹ kí ọ. Ara wọn le. Gbogbo ilé kí ọ. Máa ṣe dáadáa.” Màá lẹ̀ ẹ́ pa, ìyá á sì súre fún mi.

Ọmọ náà wálé ọdún lẹ́ẹ̀kan. Ó fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, ó ní, “Akọ̀wé, ṣé màmá mi ń bínú sí mi ni? Lẹ́tà wọn kì í ju ìlà mẹ́rin lọ.” Mo rẹ́rìn-ín. Mo ní, “Bọ̀dá, ọ̀rọ̀ púpọ̀ kò kún agbọ̀n.” Mo rò pé mo gbọ́n.

Mo gbé ọgbọ́n yẹn dé ibi iṣẹ́. Nígbà tí mo di atẹ̀wé ní ọ́fíìsì, ọ̀gá mi jẹ́ ẹni tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ kì í tán. Bí ó bá sọ ojú ìwé méjì, màá gé e sí ìdajì ojú ìwé, á kà á, á ní mo ṣe é dáadáa. Ó tó ọgbọ̀n ọdún tí wọ́n fi ń yìn mí pé mo mọ ọ̀rọ̀ ọlọ́rọ̀ gé. Ìyìn a máa ba èèyàn jẹ́, Àbẹ̀kẹ́, ó máa ń ba èèyàn jẹ́ ju èébú lọ.

Ẹ̀kọ́ kejì tí mo kọ́ ní ọ́fíìsì yẹn dára ní tirẹ̀: lẹ́tà kankan kò gbọdọ̀ jáde láìní ẹ̀dà. Kábọ̀n méjì ni a máa ń fi sí i. Ẹ̀dà kan á lọ sí fáìlì tó wà lọ́dọ̀ wa nísàlẹ̀, èkejì á lọ sí yàrá ìwé tó wà ní pẹ̀tẹ́ẹ̀sì òkè. Bí kọ́bọ́ọ̀dù wa bá kún, a máa ń kó ti ìsàlẹ̀ dànù, ọkàn wa á sì balẹ̀, nítorí ti òkè wà níbẹ̀. Fi èyí sọ́kàn, nítorí òun ló wá pa mí lára.

O mọ bí mo ṣe ṣí ṣọ́ọ̀bù ní Mayfair nígbà tí mo fẹ̀yìn tì, ẹ̀rọ àdàkọ kan, tẹlifóònù kan, kọ̀ǹpútà kan. Ohun tí o kò mọ̀ ni bí ọjọ́ Jímọ̀ ìyá rẹ ṣe máa ń rí, nítorí ìwọ ti lọ. Bí wọ́n bá ti kírun tán, á wọ takisí láti Ilare. Aránṣọ ni, ṣùgbọ́n lọ́jọ́ yẹn òwú kan kì í lẹ̀ mọ́ ọn lára. Á jókòó sórí bẹ́ǹṣì tó wà níwájú tábìlì mi, á bọ́ bàtà, á wá kọjú sí kọ̀ǹpútà, kì í ṣe sí èmi. Á ní, “Síkírá, Àbẹ̀kẹ́ mi, ṣé dáadáa lo jí?” Bí ẹni pé inú rẹ̀ lo wà. Èdè Ifẹ̀ ni á fi sọ gbogbo ọ̀rọ̀ rẹ̀ fún ọ bí ó ṣe ń sọ ọ́ nílé, èmi ọmọ Ìwó á sì máa fi Yorùbá ìwé tẹ ìwọ̀nba tó bá wù mí. Àwọn oníbàárà á ti dúró lẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú ìwé ẹ̀rí tí wọ́n fẹ́ ṣe àdàkọ rẹ̀. Bí ó bá sọ gbólóhùn ogún, mo lè tẹ mẹ́ta.

Ní ọdún kejì, ìwọ náà béèrè. O ní, “Bàbá, kí ló dé tí ọ̀rọ̀ Ìyá kì í gùn? Ṣé wọ́n ń bínú ni?” Ọ̀rọ̀ ọmọ Kàdúná gan-an. Mo dá ọ lóhùn pé ìyá rẹ kì í ṣe ọlọ́rọ̀ púpọ̀. Kí Ọlọ́run forí jì mí. Ìyá rẹ tí mo ń wí yìí lè fi odindi òwúrọ̀ sọ ìtàn abẹ́rẹ́ kan tó sọnù.

Ìmọ̀ràn mi àkọ́kọ́ nìyẹn, o sì nílò rẹ̀ níbi iṣẹ́ rẹ. Àwọn aláìsàn á máa sọ ibi tó ń dùn wọ́n fún ọ, ìwọ á sì máa kọ ọ́ sínú ìwé wọn. Arúgbó kan lè bẹ̀rẹ̀ láti orí òdòdó tó gbìn sẹ́yìn ilé kí ó tó dé orí ẹsẹ̀ tó ń ro ó. Má gé e. Bí o kò bá ráyè kọ gbogbo rẹ̀, gbọ́ gbogbo rẹ̀. Àìsàn lè má sí nínú ibi tí o fẹ́ gé, ṣùgbọ́n ẹni náà fúnra rẹ̀ wà níbẹ̀.

Èkejì ni ti ẹ̀dà. Ní àsìkò òjò tó kọjá, kọ̀ǹpútà ṣọ́ọ̀bù bẹ̀rẹ̀ sí í fà. Bí mo bá ṣí ètò ìmeèlì, á máa rò ó fún ìgbà pípẹ́, ní ọjọ́ kan ó kọ ọ́ sójú mi pé àyè òun ti kún. Mo wo fódà tí àwọn lẹ́tà tí mo ti fi ránṣẹ́ wà, mo rí i pé ó kún dẹ́nu. Mo ṣe ohun tí mo máa ń ṣe sí kọ́bọ́ọ̀dù ọ́fíìsì. Mo mú gbogbo rẹ̀, mo pa á rẹ́, mo tún lọ kó ti inú àpótí ìdọ̀tí rẹ̀ dànù kí àyè lè ṣí dáadáa. Èmi rò pé àwọn tó ń bá wa gbé lẹ́tà kọjá ní yàrá ìwé òkè tiwọn. Ta ni yóò máa gbé lẹ́tà àwọn èèyàn kọjá tí kò ní fi ẹ̀dà pamọ́?

Ìyá rẹ wà lórí bẹ́ǹṣì lọ́jọ́ náà. Ó ní, “Baba Síkírá, kí lẹ ń ṣe láti àárọ̀ tí ẹ ò gbójú sókè?”

Mo ní, “Mo ń gbálẹ̀ ni.”

“Ṣé ọ̀rọ̀ tèmi wà nínú ohun tí ẹ ń gbá?”

“Ẹ̀dà rẹ̀ wà lọ́hùn-ún.”

“Níbo ni lọ́hùn-ún?”

Mo nawọ́ sí wáyà tẹlifóònù tó gba ojú fèrèsé jáde. Ó wo wáyà náà títí.

Lẹ́yìn oṣù méjì, ìyá rẹ fẹ́ mọ ohun kan tó sọ fún ọ ní ọdún tó kọjá nípa aṣọ kan. Mo ránṣẹ́ pe Káríímù. O rántí rẹ̀, òun ló máa ń tún àwọn ẹ̀rọ ìtẹ̀wé ọ́fíìsì wa ṣe nígbà tí o wà ní kékeré. Kọ̀ǹpútà ló ń tún ṣe báyìí, orí rẹ̀ sì ti funfun. Mo ní kí ó bá mi fa àwọn ẹ̀dà wá láti ọ̀hún. Ó jókòó, ó tẹ ìhín, ó tẹ ọ̀hún.

Ó ní, “Alàgbà, ẹ̀dà wo?”

Mo ní, “Ẹ̀dà lẹ́tà tí mo ti fi ránṣẹ́.”

Ó ṣàlàyé fún mi pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Ó ní ọ̀nà méjì ni ètò ìmeèlì ń gbà ṣiṣẹ́. Èyí àkọ́kọ́ máa ń kó lẹ́tà wá sínú kọ̀ǹpútà tó wà níwájú ẹni, á sì palẹ̀ ibi tó ti kó o mọ́. Ohun tí èèyàn bá fi ránṣẹ́, inú kọ̀ǹpútà yẹn nìkan ni ẹ̀dà rẹ̀ ń wà. Èkejì máa ń jẹ́ kí lẹ́tà dúró sórí kọ̀ǹpútà ńlá tó wà lọ́dọ̀ àwọn tó fún ni ní ìmeèlì, ẹ̀dà èyí tí a fi ránṣẹ́ náà lè wà níbẹ̀. “Ti yín ni èyí àkọ́kọ́,” ó ní. “Láti ọjọ́ tí ẹ ti bẹ̀rẹ̀, kò sí nǹkan kan tó wà lọ́hùn-ún.”

Mo ní, “Lẹ́tà ọdún mẹ́ta ńkọ́?”

Káríímù bọ́ jígí ojú rẹ̀, ó ń nù ún. Láti ìgbà tí mo ti mọ̀ ọ́n, kì í bọ́ jígí àfi bí ẹ̀rọ bá ti kú. Kí ó tó lọ, ó bá mi yí i sí ọ̀nà kejì. Bí ó ṣe ṣe é nìyí, nítorí o béèrè, ìbéèrè rẹ sì tọ́ sí ìdáhùn.

Ṣí ètò ìmeèlì tó wà lórí kọ̀ǹpútà rẹ, kí o wá ibi tí orúkọ rẹ àti ọ̀rọ̀ ìwọlé rẹ wà. Kọ́kọ́ rí i dájú pé ọ̀nà kejì tí Káríímù sọ lo wà. Lẹ́yìn náà, wá ibi tí wọ́n ti ń bi ọ́ pé níbo ni kí ẹ̀dà lẹ́tà tí o bá fi ránṣẹ́ máa lọ. Bí o bá fi í sílẹ̀ bí o ṣe bá a, inú kọ̀ǹpútà rẹ nìkan ni yóò máa lọ, ibẹ̀ ni mo ti ṣubú. Yàn án pé kí ó máa lọ sí fódà tó wà lọ́hùn-ún, lórí kọ̀ǹpútà ńlá. Bí fódà náà kò bá sí, dá a sílẹ̀ fúnra rẹ. Wá kọ lẹ́tà kan sí ara rẹ, ìlà kan tó. Dìde, lọ sídìí kọ̀ǹpútà mìíràn, ti ibi iṣẹ́ tàbí ti ọ̀rẹ́, ṣí àpótí rẹ níbẹ̀, kí o fi ojú ara rẹ rí i pé ẹ̀dà náà wà níbẹ̀. Má ṣe bíi tèmi tó nawọ́ sí wáyà. Káríímù tún kìlọ̀ ohun kan: lọ́nà yìí, ohun tí o bá pa rẹ́ níhìn-ín ti pa rẹ́ lọ́hùn-ún pẹ̀lú. Nítorí náà, èyí tí o bá fẹ́ràn, tẹ̀ ẹ́ jáde sórí ìwé. Igi gogoro má gùn mí lójú, òkèèrè ni a ti ń wò ó.

Mo fẹ́ pe ohun tó kàn ní ẹ̀kẹta, ṣùgbọ́n mi ò lè ka iye mọ́.

Ní Jímọ̀ tó tẹ̀ lé e, mo sọ fún ìyá rẹ. Ó ti ń rẹ̀ ẹ́ nígbà yẹn, ibà ni gbogbo wa ń pè é. Mo sọ gbogbo rẹ̀, títí kan ìgbà tí o béèrè bóyá ó ń bínú. Mo ń retí kí ó pariwo mọ́ mi. Ì bá sàn.

Ó ní, “Ohun tí ẹ gbá dànù, ó ṣáà ti dé etí ọmọ mi kí ẹ tó gbá a. Àbí kò dé?”

Mo ń to ìwé orí tábìlì mi.

Ó ní, “Baba Síkírá, mi ò mọ̀wé, ṣùgbọ́n mo létí. Bí mo bá sọ̀rọ̀ gígùn, ìka yín kì í pẹ́ lórí ẹ̀rọ yẹn. Mo ti ń gbọ́ ọ láti ọdún mẹ́ta.”

“Kí ló dé tí o ò sọ̀rọ̀?”

“Ẹ̀yin lẹ mọ̀wé. Mo rò pé bí ìwé ṣe máa ń ká ọ̀rọ̀ pọ̀ nìyẹn.”

Síkírá, àwọn èèyàn ti bú mi láyé, ọ̀gá ti lé mi jáde ní ọ́fíìsì rí, kò sí èyí tó dùn mí tó ọ̀rọ̀ yẹn. Ó wá tún ìró rẹ̀ so, ó kọjú sí kọ̀ǹpútà, ó ní, “Lónìí, ohun tí mo bá ti sọ, ẹ tẹ̀ ẹ́. Gbogbo rẹ̀. Ẹ má ṣà á.” Mo tẹ̀ ẹ́. Àwọn oníbàárà dúró títí, àwọn kan lọ. Mo fi ránṣẹ́, mo sì rí ẹ̀dà rẹ̀ tó wọ inú fódà tuntun náà. Òun ni lẹ́tà ìyá rẹ àkọ́kọ́ tó wọ ibẹ̀, òun náà ni ìkẹyìn.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, lẹ́tà náà padà. Ilé ìwé rẹ ti ti àpótí rẹ pa, o sì ti kó lọ sí ìlú tí iṣẹ́ tuntun wà. O ti sọ fún wa lórí tẹlifóònù pé o máa fi àdírẹ́sì mìíràn ránṣẹ́ bí o bá ti fìdí kalẹ̀, a kò sì ní nọ́ńbà tí a lè fi pè ọ́ títí di ìgbà náà. Ó tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kí àdírẹ́sì náà tó dé. Mi ò sọ èyí láti dá ọ lẹ́bi, ọmọ mi. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kì í ṣe nǹkan kan lójú ẹni tí ara rẹ̀ le.

Ṣùgbọ́n ìyá rẹ kò lè dìde mọ́ láti Sátidé yẹn. Nínú lẹ́tà náà ó bi ọ́ ní ìwọ̀n ejìká rẹ, nítorí ó fẹ́ rán bùbá fún ọ. Lójoojúmọ́ ló ń bi mí bóyá o ti dáhùn. Ní ọjọ́ kẹrin, mo ní o ti dáhùn.

Ó ní, “Kí ló wí?”

Mo ní, “Ó ní íǹṣì mẹ́rìndínlógún.”

Ó fi ọwọ́ ti ara rẹ̀ jókòó. “Mẹ́rìndínlógún? Mẹ́rìnlá ló gbé lọ.” Ó wá rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín tí mi ò rí láti ọjọ́ mélòó kan. “Ó ń jẹun nìyẹn. Alihamudulilahi. Kí ló tún sọ?”

Mo ní, “Ó ní òun kí ọ.”

Ó wò mí. Ó ní, “Ìyẹn nìkan?”

Àbẹ̀kẹ́, ẹnu mi ni ọ̀rọ̀ wà. Mo lè sọ fún un pé o ní àárò rẹ̀ ń sọ ọ́, pé o ń lálàá rẹ̀, ohunkóhun tí mo bá sọ ni yóò gbà. Irọ́ tí mo fẹ́ fi tù ú nínú pàápàá, mo gé e kúrú. Mo ní, “Ìyẹn nìkan.”

Ó ní kí n gbé ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀ wá sẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn. Díẹ̀díẹ̀ ló ń rán an, á rán ìlà kan, á dùbúlẹ̀. Ó rán ara, ó rán ọrùn, ó rán ọwọ́ ọ̀tún. Ọjọ́ Tùsìdeé ọ̀sẹ̀ kẹta, lẹ́yìn ìrun ọ̀sán, ó jáde láyé, a sì sin ín ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà bí ẹ̀sìn wa ṣe wí. Ọjọ́ kẹta rẹ̀ ni ìmeèlì rẹ dé pẹ̀lú àdírẹ́sì tuntun, o ń béèrè àlàáfíà ìyá rẹ. O mọ ohun tí mo kọ́kọ́ fi ránṣẹ́ sí àdírẹ́sì yẹn. Ìlà mẹ́rin ni.

Ó yẹ kí n fi lẹ́tà rẹ̀ tẹ̀ lé e lọ́jọ́ náà. Mi ò lè fi í ránṣẹ́ kí n má sọ irọ́ tí mo pa, mi ò sì lè sọ irọ́ náà. A ṣe fídáù, a ṣe ogójì, lèmọ́mù ń wàásù nípa ohun tí òkú ń mú lọ, èmi ń ro ohun tí òkú fi sílẹ̀ lọ́wọ́ mi. Wọ́n ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ yóò bá a. Ní ọjọ́ orí tèmi, mi ò ní ogún ọdún tí màá fi dúró.

Ìwọ nọ́ọ̀sì ni yóò mọ̀ jù mí lọ bóyá ó tọ́ kí a purọ́ fún ẹni tó ń lọ. Mi ò lè gbà ọ́ nímọ̀ràn níbẹ̀, nítorí irọ́ yẹn náà ló fún un ní ẹ̀rín ìkẹyìn tí mo rí. Ohun tí mo lè sọ ni pé kí o má ṣe háwọ́ ọ̀rọ̀ fún ẹni tó ń dúró de ọ̀rọ̀. Bí o bá sì fẹ́ ọkọ, má jẹ́ kí ó máa bá ọ parí ọ̀rọ̀ rẹ, kí ìwọ náà má ṣe bá a parí tirẹ̀. A lo ọgbọ̀n ọdún papọ̀, ìyá rẹ àti èmi, mo sì rò pé mo ti mọ ohun tó fẹ́ sọ kí ó tó la ẹnu.

Bùbá náà ló wà nínú ẹrù. Mo yọ abẹ́rẹ́ kúrò ní ọwọ́ òsì rẹ̀ tí kò tíì parí, ṣùgbọ́n mo fi òwú rẹ̀ sílẹ̀ bó ṣe fi í sílẹ̀. Bí ejìká rẹ̀ bá fẹ̀ jù tàbí kó fún ọ, má sọ pé ọwọ́ ìyá rẹ ti ń gbọ̀n. Ohun tí mo sọ fún un ló gé. Jọ̀wọ́, wọn ejìká rẹ, kí o sì kọ ọ́ sí mi. Mo fẹ́ mọ ohun tó yẹ kí n ti sọ.

Kí Ọlọ́run dáàbò bò ọ́ ní ilẹ̀ àjèjì, kí ó fi àlùbáríkà sí iṣẹ́ ọwọ́ rẹ, kí ó fi Àlùjánnà kẹ́ ìyá rẹ, kí ó sì fún ọ ní ọkàn tí yóò lè dárí jì mí, bí kò tilẹ̀ jẹ́ lónìí. Ẹ̀dà lẹ́tà yìí wà lọ́dọ̀ mi. Lẹ́tà ìyá rẹ ló wà ní ojú ìwé tó kàn, bó ṣe jáde láti inú fódà náà. Mi ò fọwọ́ kàn án.

Èmi ni bàbá rẹ,
Làsísì.

* * *

Síkírá, Àbẹ̀kẹ́ mi, ṣé dáadáa lo jí? Ṣé òtútù ọ̀hún ti dẹwọ́? Ulé wà bí o ṣe fi í sílẹ̀. Adìyẹ ìyá Ràmọ́tù yé sínú àpótí ilé ìwé rẹ, mo ní kí ẹnikẹ́ni má lé e, ó ń sàba. Baba rẹ ní òun ti gbá gbogbo ọ̀rọ̀ tí mo ti sọ fún ọ dànù. Ẹ tẹ̀ ẹ́, Baba Síkírá, mo ní gbogbo rẹ̀. Kò burú, n ó tún un sọ. Mo sọ fún ọ pé kí o máa wọ ìbọ̀sẹ̀ méjì. Mo sọ fún ọ pé kí o má máa fi ebi jáde nítorí uṣẹ́. Mo sọ fún ọ pé bí o bá rí ẹni tí o fẹ́ fẹ́, kí o wo bí ó ṣe ń bá ìyá rẹ̀ sọ̀rọ̀. Mo sọ ìtàn abẹ́rẹ́ tó sọnù, ìyẹn gùn, n ó sọ ọ́ bí o bá dé. Uṣu ọdún yìí dára. Mo fi ọ̀kan pamọ́ dè ọ́, mo mọ̀ pé á jẹrà, mo ṣáà fi í pamọ́. Mo ra aṣọ kan, òdòdó wẹ́wẹ́ wà lára rẹ̀, mo fẹ́ fi rán bùbá fún ọ. Ara rẹ ìjọsí ló ṣì wà lójú mi. Mẹ́rìnlá ni ejìká rẹ nígbà tí ò ń lọ, ṣùgbọ́n ọdún mẹ́ta ti kọjá, èèyàn kì í dúró sójú kan. Fi okùn wọ̀n ọ́n láti eegun dé eegun, báyìí. Baba Síkírá, ẹ sọ fún un bí mo ṣe fọwọ́ wọ̀n ọ́n. Kí o tètè dáhùn, mo ti tẹ́ aṣọ sílẹ̀. Ó rẹ̀ mí díẹ̀ lónìí, ibà ni, á lọ. Kí ló kù tí mo fẹ́ sọ? Ẹ dúró ná, ẹ má tíì tẹ nǹkan kan. Ẹ ti tẹ ìyẹn náà? Ó dáa. Síkírá, baba rẹ ní o béèrè bóyá mo ń bínú. Mi ò bínú sí ọ rí. Ọjọ́ kan ṣoṣo pàápàá, mi ò bínú sí ọ rí. Ó tán. Ẹ fi ránṣẹ́. Ṣé ó ti lọ?